Igbó Erédò: Ṣé Àwa Mùsùlùmí Yóò Máa Wò Ó Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ọ̀rọ̀ igbó ni, igbó tí ó bo Erédò ní agbègbè Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde wa yìí.

Ẹ̀yin ọmọdé lè máa béèrè pé kí ni Erédò. Yàrà ni, pẹ̀lú odi ńlá tí àwọn baba ńlá wa mọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká nígbà tí kò sí katapílà. Gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Nígbà tí ìròyìn iṣẹ́ tí Patrick Darling ṣe níbẹ̀ tàn káyé ní 1999, ẹnu ya àwọn òyìnbó. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO pé ó yẹ ní ohun tí gbogbo ayé ń dáàbò bò. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba oyè náà ní 2005. Erédò ṣì ń dúró.

Igi ni ó di odi yìí mú. Gbòǹgbò wọn ni kò jẹ́ kí òjò wọ́ erùpẹ̀ padà sínú yàrà. Bí onígẹdú bá gé igi, tí ọmọ onílẹ̀ sì tẹ̀lé e tí ó gé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, òjò ọdún díẹ̀ ni yóò parí ìyókù.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé, “Igbó òrìṣà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á run.” Ẹ gbọ́, igi ìrókò kò bọ òrìṣà rí, ènìyàn ni ó ń bọ ọ́. Àwọn àgbà ní Bílíkísù Sùngbọ́ tí sàréè rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí ni ọbabìnrin tí ó wá bá Ànábì Sulaimọ́nù, tí ìtàn rẹ̀ wà nínú Súrátù Námílì. Àwa kò búra sí i. Al-Kùránì kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sọ ibi tí a sin ín sí. Ọjọ́ orí tí àwọn awalẹ̀pìtàn fún odi náà sì fi ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kéré sí ti Ànábì Sulaimọ́nù. Ẹni tí ó bá lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ sàréè, a kò sí pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ igi nínú rẹ̀?

Ànábì wa Muhammad (ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) sọ Mẹ̀dínà di ilẹ̀ ọ̀wọ̀, ó kọ̀ fún ènìyàn láti gé igi rẹ̀. Sàyídínà Àbúbákà kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ogun tí ó ń lọ sí Ṣáámù pé wọn kò gbọdọ̀ gé igi eléso. Ilẹ̀ ọ̀tá nìyẹn o! Ilẹ̀ baba tiwa ńkọ́? Àti pé, a kò tíì rí ẹni tí ó pa igbó run nítorí òrìṣà, tí ó wá fi owó gẹdú rẹ̀ ṣe sàráà.

Ẹ wo igbó Ọmọ̀ ní ìlà-oòrùn wa. Ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ láti 1925, UNESCO sì fi kún tiwọn ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, onígẹdú ń jẹ ẹ́ lápá kan, olóko kòkó ń jẹ ẹ́ lápá kejì. Bí èyí tí ìjọba ń ṣọ́ bá rí báyìí, ta ni yóò ṣọ́ Erédò bí kò ṣe àwa?

Ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú kútùbà Jímọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ béèrè bí Erédò bá gba inú rẹ̀ kọjá kí ẹ tó sanwó. Ojúde Ọba tí a ń fi ṣògo, inú ọdún Iléyá tiwa ni ó ti jáde; bí àwọn régbérégbé bá sì tún tò níwájú ààfin lọ́jọ́ kẹta Iléyá tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a rí ẹgbẹ́ kan tí yóò sọ ọ́ síta pé a kò fẹ́ katapílà nínú Erédò.