Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya kan níbí ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Ìyàwó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀, tòkunbọ̀ tí processor Intel inú rẹ̀ jẹ́ ti ìran kẹta, ń falẹ̀ bí ìgbín. Ẹni tó ń bá a tún un ṣe ní kó ra motherboard àti processor tuntun. Arábìnrin wa ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ nínú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ." Ọkọ ní, "Mọ́mì, bí wọ́n bá lé àwọn ọmọ wálé, ṣé kọ̀ǹpútà ló máa lọ bẹ ọ̀gá ilé-ìwé?"

Mo bi wọ́n pé, "Kí ló ń mú un falẹ̀?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀yin ará, a kì í ra oògùn kí a tó mọ àrùn. Bí kọ̀ǹpútà bá ń falẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Bí CPU, ìyẹn processor, kò bá ṣe wàhálà, ṣùgbọ́n tí Disk dúró sórí 100%, ọpọlọ kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹ yọ hard disk àtijọ́, kí ẹ fi SSD rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Memory ló kún, ẹ fi RAM kún un.

Èkejì, motherboard kì í dá wá. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó ti fẹ́ àna mọ́ ọn. Processor ìran tuntun kò ní wọ ojú ihò motherboard àtijọ́. RAM DDR3 kò lè wọ ibi tí wọ́n ṣe fún DDR4. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ HP àti Dell ló ní ìrísí àti ojú iná tiwọn, tí motherboard mìíràn kò ní bá a mu. Windows tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí motherboard àtijọ́ sì lè kọ̀ láti tẹ̀lé e.

Ẹ̀kẹta ni ààbò. Ní 14 October 2025, Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, àti, ní ti Intel, processor ìran kẹjọ sókè, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ibi tí àwọn oníbàárà ti ń fi NIN àti ọ̀rọ̀ báǹkì wọn lé yín lọ́wọ́ nílò kọ̀ǹpútà tó ní ààbò. Bó bá ti di bẹ́ẹ̀, ó sábà sàn kí ẹ ra odindi tòkunbọ̀ tí processor rẹ̀ tó ìran kẹjọ, kí ẹ sì dán an wò lójú ẹni tó ń tà á ní Computer Village, Ìkẹjà, kí ẹ tó sanwó.

Nígbà tí a wo kọ̀ǹpútà arábìnrin yìí, Disk ló wà lórí 100%. SSD nìkan ni wọ́n rà, ó sì yá kánkán. Ìwé títẹ̀ nìkan ló ń fi í ṣe báyìí, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti ń dá àjọ fún òmíràn tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ báǹkì. Owó ilé-ìwé wà níbi tó wà.

Ẹ̀yin lọ́kọláya, ẹ jọ jókòó ṣírò kí ẹ tó náwó. Ó dìgbà kan ná.