Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Ọmọ ní Kóòtù?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007, kò fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré rárá. Òfin náà ní ire ọmọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Ó dá Kóòtù Ẹbí sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ó sì fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́. Ó tún gba adájọ́ láyè láti yan ẹnì kan tí yóò máa ṣọ́ ire ọmọ náà títí ẹjọ́ yóò fi parí. Àyè yìí ló yẹ kí àwọn ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ dìde gbà.

Òṣòdì ni ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń mú wá sí Èkó ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìjọba wó àwọn ìsọ̀ etí títì níbẹ̀ ní 2009, wọ́n sì ṣí gáréèjì ńlá alájà tuntun ní 2019, síbẹ̀ àwọn ọmọ kò yé dé. Bí ọmọ ọdún 11 tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ bá sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tí àwọn wẹ́fíà rí i níbi tó sùn sí, wọn yóò mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì dé kóòtù. Ọlọ́pàá yóò sọ tirẹ̀. Ọ̀gá yóò sọ tirẹ̀. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní fáìlì ọmọ mìíràn rẹpẹtẹ lórí tábìlì, agbẹjọ́rò sì lè má tíì bá ọmọ náà jókòó rí kí wọ́n tó pe ẹjọ́. Ta ló ti bi í bóyá ó ní ìyá àgbà kan nílé tó ń wá a? Ta ni yóò lọ wo ilé alágbàtọ́ tí wọ́n fẹ́ fà á lé lọ́wọ́, tí yóò tún padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Igba ojú ní ń wo ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dúró níwájú adájọ́ nínú wọn.

Ohun tó dun adájọ́ David Soukup ní ìlú Seattle lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó ń pinnu ibi tí ọmọ yóò gbé láìmọ ọmọ náà dáadáa. Ní 1977, ó bẹ àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Wọn kì í ṣe agbẹjọ́rò. Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n sì fa ọ̀rọ̀ ọmọ lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n dé ilé, kí wọ́n dé ilé ìwé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí fún adájọ́. Ètò náà ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà.

Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní àwọn àdúgbò Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ bíi Máfòlúkù, Òkòtà tàbí Ìlásámàjà: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì, ìyá ọlọ́jà tó ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ yanjú. Òmíràn nínú wọn gbọ́ Haúsá tàbí Ègùn, èyí tó ṣe pàtàkì gidigidi, torí ọmọ tí kò gbọ́ èdè kóòtù kò lè ro ẹjọ́ ara rẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ẹni tí èrò rẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù náà tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Nítorí náà, kí ọlọ́pàá yẹ ìwà ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ wò, kí ó ní onídùúró, kí ó búra níwájú adájọ́. Kò gbọdọ̀ mú ọmọ lọ sílé ara rẹ̀ láé, kò sì gbọdọ̀ gbé fọ́tò ọmọ náà sí Facebook, ì báà jẹ́ láti fi wá ìrànlọ́wọ́.

Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó lè fi ìlànà ètò yìí lélẹ̀, kí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé máa kọ́ àwọn tó bá yọ̀ǹda ara wọn níṣẹ́. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ máa san owó ọkọ̀ wọn, torí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ lọ sí kóòtù ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú kò ní lè bá ọmọ náà dé òpin rẹ̀.