Kí Ló Fà Á? Ìbéèrè Tí A Kì Í Bi Ara Wa Kí A Tó Ra Tíúbù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ awọ ara wa ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rẹ́ wa kan lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n lé làálì fún ìyàwó, wọ́n sì lé fún àwọn àbúrò ìyàwó pẹ̀lú. Làálì náà dúdú, ó ń dán, gbogbo wa la yìn ín nígbà tó padà dé yàrá. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́jọ, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yún un. Kò pẹ́, gbogbo ibi tí wọ́n ya òdòdó sí ló wú, tó sì lé ròrò bí ibi tí omi gbígbóná dà sí. Kálukú wa di dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan ní ooru ni. Ẹnìkan ní ayé ni, pé ojú ti pọ̀ jù níbi ìgbéyàwó yẹn. Ẹnìkan sáré lọ sí kẹ́míìsì ẹnu géètì, ó ra tíúbù kan bọ̀. Ó fi para, ó sì lọ lóòótọ́. A dúpẹ́, a gbàgbé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó fi dáì dúdú sí irun rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, ojú rẹ̀ ti wú débi pé kò lè là á. Nílé ìwòsàn tí a gbé e lọ, dókítà bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò bi í nígbà àkọ́kọ́: "Ǹjẹ́ o ti lé làálì dúdú rí?"

Ewé làálì gidi kì í dúdú bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú ló máa ń fún awọ ara, ó sì máa ń pẹ́ kó tó mú. Kó lè dúdú kíákíá, àwọn kan máa ń po dáì irun mọ́ ọn. Kẹ́míkà kan wà nínú ọ̀pọ̀ dáì wọ̀nyí tó ń jẹ́ paraphenylenediamine, PPD ni ìkékúrú rẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn onímọ̀: ní 2006, ẹgbẹ́ American Contact Dermatitis Society yàn án gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí gbogbo èèyàn kíyè sí lọ́dún náà nínú àwọn ohun tó ń fa àlẹ́jì awọ ara.

Ohun tí àlẹ́jì jẹ́ kò ta kókó. Ara wa ní ẹ̀ṣọ́ tó ń lé kòkòrò àìsàn. Nígbà mìíràn, ẹ̀ṣọ́ náà máa ń ṣi àlejò mú fún olè. Nígbà tó bá kọ́kọ́ rí irú àlejò bẹ́ẹ̀ lára awọ, ó lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó dá a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi rántí làálì lọ́jọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti mọ ojú rẹ̀, kì í sábà gbàgbé mọ́ títí ayé. Bí àlejò náà bá tún yọjú, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ìjà ti bẹ́.

Èrò wa nìyí: tíúbù kọ́ ni ọ̀tá wa. Àìbéèrè ohun tó fà á ni ọ̀tá wa. Tíúbù pa ẹ̀rí rẹ́, ọ̀rẹ́ wa sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sínú ewu.

Kí ló tiẹ̀ wà nínú tíúbù wọ̀nyí? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti po stéróìdì bíi clobetasol tàbí betamethasone pọ̀ mọ́ oògùn làpálàpá àti oògùn kòkòrò. Stéróìdì máa ń pa iná ara, dókítà pàápàá máa ń fún èèyàn nígbà tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n clobetasol wà lára àwọn tó lágbára jù lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ hydrocortisone rárá. Bí a bá ń fi para lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tó ń tọ́ wa sọ́nà, awọ á fẹ́lẹ́, ìlà á yọ sí ara, irorẹ́ á bo ojú. Bí ó bá sì jẹ́ làpálàpá la ṣì pè ní àlẹ́jì, stéróìdì lè mú kí yíyún rẹ̀ rọlẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń tàn lábẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àwa tiwa, a kò pa làpálàpá náà, ńṣe la ń bọ́ ọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ká máa bi ara wa kí owó tó jáde lápò.

Àkọ́kọ́: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bí ara bá wú kúlúkúlú láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí mélòó kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń pòórá kí ọjọ́ kan tó pé, tí òmíràn ń yọ níbòmíràn, ẹ wo ohun tí ẹ jẹ, oògùn tí ẹ lò, tàbí kòkòrò tó ta yín. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló dé, ẹ wo ohun tó kan awọ yín.

Ìkejì: ibo ló wà? Etí tó ń yún, tó ń ṣomi, yẹtí ni kí ẹ wò. Abẹ́ ìdodo, ẹ wo irin bẹ́líìtì àti bọ́tìnnì jíìnsì. Nickel tó wà nínú irin wọ̀nyí wà lára ohun tó ń fa àlẹ́jì awọ jù lọ láyé.

Ìkẹta: ta ló tún ń yún? Bí gbogbo yàrá bá ń họ ara lóru, tí ó wà láàárín ìka ọwọ́, kì í ṣe àlẹ́jì. Kúrúnà ni ó ṣeé ṣe kó jẹ́. Gbogbo yàrá ló gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wèrèpè: gbogbo ẹni tó bá kàn ló máa ń yún. Àlẹ́jì máa ń ṣa èèyàn mú.

Fún kúlúkúlú lásán, Piriton máa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń kunni lóorun; ẹ má lò ó ní àárọ̀ ìdánwò. Loratadine àti cetirizine kì í sábà kunni tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tí ohùn yí padà, tí èémí kò já gaara, tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti kẹ́míìsì. Abẹ́rẹ́ adrenaline sí itan ni oògùn àkọ́kọ́, kò sì sí Piriton tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ pe 112, ẹ wá ọkọ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Bákan náà, bí ẹnìkan bá lo Septrin tàbí Fansidar, tí ẹnu rẹ̀ bó, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí awọ rẹ̀ ń lé ròrò, kó dá oògùn náà dúró, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ìlà gùn ní kílíníìkì ilé-ẹ̀kọ́, owó kò sì sí. Òótọ́ ni, àwa náà ti jókòó láti aago méje títí di ọ̀sán rí. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyẹn. Àwọn òbí wa sàn jù wá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láyé chloroquine, kí Nàìjíríà tó fi ACT rọ́pò rẹ̀ ní 2005, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó fa abẹ́rẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ó máa ń yún mi o." Yíyún chloroquine kì í sábà jẹ́ àlẹ́jì, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí ara wọn kọ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́. Àwa tí a kàwé, wọ́n bi wá nínú fọ́ọ̀mù kílíníìkì, a kọ "kò sí", a sì ṣí ojú ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ta oògùn, ẹ bi wá léèrè kí ẹ tó na tíúbù sí wa. Ẹ̀yin tó ń lé làálì, ẹ sọ ohun tí ẹ pò mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí làálì dúdú ti bó lọ́wọ́ rí, ẹ jìnnà sí dáì irun, ẹ má tilẹ̀ dán an wò nílé. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì máa kọ ohun tí ara wa kọ̀ sílẹ̀, kí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá náà mọ̀ ọ́n.

Báírò pupa ni ọ̀rẹ́ wa fi kọ PPD sí iwájú káàdì rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ara yín kọ̀?