Àgbádárìgì Ni o, Kì í Ṣe Ẹ̀pẹ́

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ìsinmi tó ń bọ̀ yìí. Ọjọ́ ìwọlé ti wà lára pátákó kí wọ́n tó jẹ́ ká jáde. Bọ̀dá ọ̀kan nínú wa ní ọkọ̀ onígbòkun ní Èkó, ó sì ti gbà láti gbé wa rin orí ọ̀sà. Látìgbà náà ni àwa tí à ń kàwé nílùú Ẹdẹ ò ti gbádùn ara wa. Àwọn kan ní ká kọ gbogbo ètò sílẹ̀ títí dórí wákàtí tí a ó dé. Àwọn kan ní ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbé wa dé, ká sùn síbẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí ọjọ́ àbọ̀ le bí irin, kí ibi tí à ń lọ sì rọ̀ bí àmàlà.

Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Láti Ẹdẹ dé Èkó ti jẹ ọjọ́ kan, àbọ̀ á jẹ òmíràn. Ó ku márùn-ún. LASWA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ojú omi l'Ékòó, kò fẹ́ ọkọ̀ lójú omi lálẹ́. Òjò tún lè dá wa dúró fún odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀la ni ìwọlé ló máa ń wọ ọkọ̀ nígbà tí òjò ti ṣú. Owó ìtanràn ṣeé san, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti ibi tí a ó kọrí sí. Àwọn kan ń ti Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní omi Ọ̀ṣun tó ń ṣàn kọjá níbí, ọ̀sà Lẹ́kí lápá ibẹ̀ ló ń lọ, nítorí náà ilé là ń lọ. Ó dùn létí. Àmọ́ lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, àyàfi ìgbà ọyẹ́, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọ etíkun wa. Ìlà oòrùn Èkó ni Ẹ̀pẹ́ wà: àlọ á dùn, àbọ̀ la ó kojú afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ onígbòkun kì í sì í kojú afẹ́fẹ́ ní tààrà. Ńṣe ló ń rìn ní kọ́lọkọ̀lọ, sọ́tùn-ún, sósì, tí ọ̀nà á fi gùn sí i. Ìgbà tí ọjọ́ bá sì ti tán lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Ìwọ̀ oòrùn ni Àgbádárìgì wà. Ìyà ibẹ̀, àlọ la ó ti jẹ ẹ́, nígbà tí ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Tí a ò bá tíì dé ìdajì ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, ká yí padà, afẹ́fẹ́ á ti wa láti ẹ̀yìn. Tí a bá sì débẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kọ̀ tí kò fẹ́ mọ́, mọ́tò wà láti ibẹ̀ dé Máìlì Túù, kí Bọ̀dá máa rọra gbé ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ká ti ya owó mọ́tò yẹn sọ́tọ̀ báyìí, ká má fi ra súyà.

Ọjọ́ Ẹtì la máa dìbò. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ wá sọ bí ẹ ṣe fẹ́ darí wálé.