Ìrírí Kì í Ṣe Owó Ọkọ̀

Ní 1907, J. K. Coker àti àwọn olóko kòkó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Agége. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ìlú òkè wá gba owó iṣẹ́, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì mú irúgbìn rẹ̀ lọ sílé.

Lónìí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ní kó wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kó fi ìrírí ṣe owó. Ṣé ìrírí ni wọn yóò san fún dánfó? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Odò ẹran wà ní Oko-Ọba, ilé iṣẹ́ sì kún Ìkẹjà. Ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, kí ẹ sì sanwó fún wọn!