Ta Ló Ní Àgọ́ Pípa Kì í Ṣe Àṣà Wa?

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé mi wá lónìí ń gbóná lọ́kàn mi, n kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n sọ.

Nígbà tí ẹbí péjọ nílé wa ní Ọ̀tan Ayégbajú lásìkò ọdún Kérésìmesì, mo sọ pé ó wù mí kí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa lọ pàgọ́ sí etíkun, kí a sun òru méjì níbẹ̀, kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì jí sí ohùn ìgbì. Ẹ̀gbọ́n mi kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Dókítà, àṣà òyìnbó nìyẹn. Ẹni tí ó nílé kì í sùn síta." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí irọ́ ni, irọ́ náà sì ń gba ohun iyebíye lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èdè, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ohun tí ìran kan kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò ni ó sábà máa ń fi pè é, bí a ti yá rédíò àti bẹ́líìtì lò. Àgọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. Abà àti ahéré pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò. Láti inú "dó" ni a ti rí ibùdó, òun náà ni a sì ń lò nígbà tí a bá ní àwọn baba wa tẹ ìlú dó. Ìbàdàn tí ó di ìlú ńlá lónìí, àgọ́ ogun ni ní nǹkan bí 1829. Ẹ wo orúkọ Èkó fúnra rẹ̀: àwọn òpìtàn kan ní ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó ni, pé àgọ́ ogun ni ó túmọ̀ sí, àwọn mìíràn ní láti ara "oko" ni. Èyíkéyìí tí ẹ bá gbà nínú méjèèjì, ẹni tí ó kúrò nílé, tí ó lọ fi ìdí kalẹ̀ sẹ́bàá omi, ni ó wà nídìí orúkọ náà. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni a wá ń wá ibi tí a ó pàgọ́ sí tì!

Ní Ọ̀tan tiwa ńkọ́? Ta ni nínú àwọn ẹgbẹ́ mi tí kò sun ahéré rí? Oko etílé wà, tí à ń lọ tí à ń bọ̀ lóòjọ́. Oko ẹgàn sì wà, tí tọkọtaya àtọmọ ń lọ, tí wọ́n ń sùn níbẹ̀ títí ọjà yóò fi kò. Imọ̀ ọ̀pẹ ni òrùlé, iná ìdáná ni fìtílà, odò ni balùwẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àlọ́ tí mo mọ̀. Ẹ sì rántí Ogun Kírìjí. Lórí òkè tí ó wà láàárín Ìgbájọ, aládùúgbò wa, àti Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n kó ìyàwó lọ, wọ́n sì bímọ. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí àgọ́ tó tú. Bí a bá lè pàgọ́ nítorí ogun, kí ló dé tí a kò fi lè pa á nítorí ayọ̀?

Ìdí tí mo fi ń bínú rèé. Ẹni tí ó bá ti gbà pé nǹkan kì í ṣe tirẹ̀ kì í jà nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ. Bar Beach ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ń kó ọmọ lọ lọ́jọ́ ọdún. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí a dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n Eko Atlantic ni ó rọ́pò rẹ̀, ìlú olówó tí wọ́n fi iyanrìn dí òkun kọ́, tí wọ́n sì ṣe ayẹyẹ rẹ̀ ní 2013. Ní Tarkwa Bay, níbi tí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu èbúté ti mú kí omi rọ̀ fún ọmọdé, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Ní 2024, wọ́n wó ọ̀pọ̀ ibi ìgbafẹ́ ní etíkun Landmark ní Oníru, kí òpópónà tí ó ń lọ láti Èkó sí Calabar lè rí ọ̀nà. A gbọ́ igbe àwọn oníṣòwò, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni ó sọ̀rọ̀ nítorí ọmọdé tí kò ní rí iyanrìn fi ṣeré mọ́?

Èmi àti ìdílé mi lọ nígbẹ̀yìn. N kò ní dárúkọ etíkun náà. Wọ́n gba owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gba ti àga, wọ́n gba ti ibòji, wọ́n tún gba ti oúnjẹ tí a gbé wá láti ilé. Bí mo ti na àgọ́ tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni kì í sùn níbẹ̀, àfi ẹni tí ó bá gba yàrá. Iye tí ó pè fún òru kan ju owó ọkọ̀ gbogbo wa láti Ọ̀tan, àlọ àti àbọ̀, lọ. A tú àgọ́ ká kí oòrùn tó wọ̀. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, "Bàbá mi, ta ló ni òkun?" N kò rí èsì fọ̀.

Mo ti rí i báyìí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Gbogbo wa ni òfin wí. Bí ẹnìkan bá sì bèèrè ohun tí ó kan ará òkè pẹ̀lú etíkun, kí ó rántí pé omi Ọ̀ṣun ń ṣàn títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kí. Omi wa ti débẹ̀ ṣáájú wa.

Àwọn kan yóò ní òkun ń pa ènìyàn. Òtítọ́ ni. Ní etíkun wa, omi kan wà tí ó máa ń ṣàn padà láti iyanrìn lọ sí ibú bí odò tí ó fara sin, tí ó sì ń fa ènìyàn lọ. Ẹni tí ó bá kọjú sí ilẹ̀, tí ó ń bá a jà, yóò rẹ̀. Ẹni tí ó bá lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní gbọọrọ etíkun, yóò bọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ mélòó ni a ti kọ́ ní èyí? Bí a bá ń bẹ̀rù òkun, ẹ jẹ́ kí a fi àwọn òmùwẹ̀ ṣọ́ etíkun, kí a ri àsíá sí ibi tí ó léwu. Ìbẹ̀rù kò sọ pé kí a tà á.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba Èkó, ti Ògùn àti ti Oǹdó ya etíkun díẹ̀ sọ́tọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní lè tà, kí ìdílé lè pàgọ́ síbẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, kí omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti olùṣọ́ wà níbẹ̀. Kì í ṣe àlá. Ní Tsitsikamma, ọgbà ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1964, àwọn ìdílé ń pàgọ́ létí òkun di òní olónìí. Ilẹ̀ adúláwọ̀ kan náà ni.

Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ẹ̀yin gan-an ni ẹ kọ́ mi bí a ti ń fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ahéré. Àgọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí a bá rí etíkun tí ẹnikẹ́ni kò ní lé wa, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ pè.