Aago Èkó Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń fi Python kọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń béèrè pé: nínú irinṣẹ́ àkókò tó bá Python wá àti èyí tí ará ìta ṣe, èwo ni ká lò?

Tẹ́lẹ̀, pytz ti ìta ni a ń sá tọ̀, nítorí Python kò mọ aago ìlú kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Bí a bá fi Africa/Lagos rẹ̀ sínú tzinfo tààrà, dípò wákàtí 1, ìṣẹ́jú 14 péré ni Èkó yóò fi ṣíwájú Greenwich, bíi láyé tí oòrùn ni aago. Ètò tó yẹ kó rán wa létí láti pe ìyá wa ní agogo 8 alẹ́ Èkó yóò fi ìṣẹ́jú 46 pẹ́. Màmá á ti sùn.

Láti 2020, Python 3.9 ti ní zoneinfo tirẹ̀, tí kò ní ọ̀fìn yìí. Òun ni kẹ́ ẹ lò. Lórí Windows, ẹ fi tzdata kún un. Ẹni tí pytz ṣì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, kó máa lo localize.

Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ti wà lápò ṣòkòtò. Ó dìgbà kan ná.